Ẹ̀rọ Tí Ń Bu Íńtánẹ́ẹ̀tì fún Wa

Ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ìmọ̀ ìṣàkóso. Bí ẹ bá fẹ́ bi í léèrè ohun tí ìṣàkóso jẹ́, ẹ kọ́kọ́ wá àga jókòó, nítorí ẹ ò ní tètè dìde. Ó máa ń ṣàlàyé rẹ̀ nídìí oúnjẹ, ó máa ń ṣàlàyé rẹ̀ nínú mọ́tò, ó sì ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọlọ́kadà kan rí lójú ọ̀nà Ilé-Ogbó títí ọkùnrin náà fi ré ibi tó yẹ kó yà kọjá. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo àlàyé náà dá lé: ohun tó bá wà ní ìkáwọ́ ènìyàn, kó má jẹ́ kó bọ́. Àmọ́ nínú ilé wa níbí ní Ìwó, ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò ń wọlé bó ṣe wù wọ́n, wọ́n ń jẹ òdòdó tó gbìn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ń wò ó lójú bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Àwa mẹ́ta péré la wà nílé. Àwọn ọmọ wa ti lọ sílé ìwé ní ìlú mìíràn. Ó ku èmi tí mo ń ta aṣọ lọ́jà, ó ku ọkọ mi, ó sì ku ìyá rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Àlájà. Àlájà kó wá sọ́dọ̀ wa láti ilé ẹbí wọn láàrin ìlú nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn ibẹ̀ mọ́.

Kí ẹ̀rọ tó dé, àwo funfun kan ló kọ́kọ́ dé. Ọkọ mi ní kí wọ́n kàn án mọ́ orí òrùlé kó máa gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti òkè. Ó dùn mọ́ gbogbo wa. Bí mo bá ti ọjà dé nírọ̀lẹ́, mo máa ń tẹ́ aṣọ sórí àga, màá pe àwọn oníbàárà mi ní Olúpọ̀nnà àti Ilé-Ogbó lórí fídíò, màá fi léèsì hàn wọ́n látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àlájà ní ààfáà kan tí wọ́n ń gbọ́ wáàsí rẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ọkọ mi ní ìpàdé rẹ̀, ó sì ní bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó ń bá àwọn ọ̀gá ilé ìwé wọn ṣèpàdé lórí kọ̀ǹpútà nínú yàrá òkè, ohùn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í já. Wọ́n ní kó jáde, kó tún wọlé. Ó jáde, ó wọlé, ohùn ṣì ń já. Wọ́n wá ní kó kúkú máa gbọ́ tiwọn, kó má sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ọkọ mi, ẹ mọ̀ pé ó sàn fún un kí wọ́n lé e jáde. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa, ó dúró sáàrin pálọ̀.

"Ta ló ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì?"

Ó bèèrè é bí ẹni tó ń wá ẹni tó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ jẹ ẹran. Èmi di aṣọ mú níwájú fóònù. Àlájà jókòó ti ààfáà wọn.

"Ṣé wọ́n ti gbé e lọ ni?" Àlájà bèèrè.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wo fídíò àwọn òyìnbó kan tí ilé wọn ń ṣe gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan wálé tí kò ju ike ọṣẹ lọ. Ó ní sọ́fítíwíà kan wà nínú rẹ̀ tó lè darí gbogbo ilé, pé ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tó sọ pé ọ̀fẹ́ ni ló yẹ kí n ti sá. Ó tì í sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó so wáyà mọ́ ọn, ó sì kan tábílẹ́ẹ̀tì kan mọ́ ògiri nítòsí rẹ̀ kó lè máa rí bí ilé ṣe ń lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, iná á tan fúnra rẹ̀. Bí omi bá lọ sílẹ̀ nínú táǹkì, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí kò bá sì sẹ́ni tó ń rìn nínú yàrá, iná ibẹ̀ á kú. Ọjọ́ kejì ni ìyẹn paná mọ́ Àlájà lórí nílé ìwẹ̀, torí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ lórí àpótí, wọ́n ń fi kànìnkànìn ha ẹsẹ̀. Ariwo tí wọ́n pa, aládùúgbò gbọ́ ọ. Ọkọ mi ní kò sí ìṣòro, kí Màámi kàn máa juwọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Bí Àlájà ṣe di ẹni tó ń wẹ̀ tó ń juwọ́ sí ògiri nìyẹn.

Àfìgbà tó di ọjọ́ Sátidé kan, ó pè wá sí pálọ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì.

"Láti òní lọ," ó ní, "ẹnikẹ́ni tó bá ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀rọ á dín ìyára rẹ̀ kù. Èmi kọ́ ni mo máa dín in kù o. Ẹ̀rọ ni. Kò mọ ojú, kò mọ ènìyàn."

"Ta ló sọ fún un pé ó ti pọ̀ jù?" Àlájà bèèrè.

"Èmi ni, Màámi."

"Ó mọ ènìyàn nìyẹn."

Ó ń bá àlàyé rẹ̀ lọ. Bí ìpàdé bá wà lórí kàlẹ́ńdà òun, ẹ̀rọ á dín ti gbogbo ará ilé kù títí ìpàdé á fi parí. Bí òun bá sì jáde nílé, ẹ̀rọ á mọ̀, torí fóònù òun ló ń wò. Bí kò bá ti rí fóònù náà nínú ilé, á gbà pé òun ò sí nílé, á sì di ọwọ́ mọ́ ohun gbogbo, tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà, fóònù, torí olè lè wọlé kó máa lo íńtánẹ́ẹ̀tì wa. Mo ronú nípa olè náà, èyí tó máa fo ògiri, tó máa kọjá lára àgbò tí a so mọ́lẹ̀, tó máa kọjá lára gbogbo aṣọ ọjà mi, tó máa wá jókòó sí pálọ̀ wa, tí á máa wo fídíò.

Ohun tó tẹ̀lé e ni pé òwò mi nírọ̀lẹ́ dàrú. Mo ń na léèsì fún oníbàárà mi kan ní Olúpọ̀nnà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "Mọ́mì, mo rí ọwọ́ yín, mi ò rí aṣọ! Ẹ̀yin náà ti dúró gbagidi! Ṣé kò sí o?" Ó ní ẹ̀rù ba òun, ó lọ ra ti ẹlòmíràn. Ti Àlájà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààfáà wọn á wà lẹ́nu ọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á le, ìka rẹ̀ á wà lókè, á sì dúró bẹ́ẹ̀, ẹnu ní lílà. Níbẹ̀rẹ̀, Àlájà gbà pé ààfáà ń ronú ni. Wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ lórí itan, wọ́n á máa fi sùúrù dúró dè é. Nígbà tí wọ́n wá mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, wọ́n ní, "Ó kù díẹ̀ kó sọ ohun tí Ọlọ́run máa fi ojú alágàbàgebè rí, ọmọ mi dí i lẹ́nu."

Ẹ̀rọ náà tún ń kọ̀wé. Bó bá ti dín ìyára ẹnìkan kù, á fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ti Àlájà dé, wọ́n sì ní kí n bá àwọn kà á, torí ojú ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Mo kà á bó ṣe wà: "Ìkìlọ̀. O ti lo íńtánẹ́ẹ̀tì ju ìwọ̀n rẹ lọ. Ìyára rẹ ti dín kù."

Àlájà gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i lọ yí i bọ̀.

"Ta ni ó ń pè ní 'o'?"

"Ẹ̀rọ ni, Màámi."

"Ọmọ ta ni?"

Nígbà tí ọkọ mi délé, àlàyé gùn. Ó ní ẹ̀rọ kò mọ ọjọ́ orí. Àlájà ní ẹni tó kọ́ ọ mọ̀ ọ́n. Ó gòkè lọ, ó tún un kọ, ó yí "o" padà sí "ẹ", ó yí "rẹ" padà sí "yín", ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín bí ẹni tó ti parí ìjà ìlú méjì. Ó tún ra ẹ̀rọ agbóhùnsókè kékeré kan sí pálọ̀, kó lè máa ka ìkìlọ̀ sókè fún Màámi tí ojú wọn ò ríran. Àṣé àánú ló ṣe é. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀rọ ń bá ìyá rẹ̀ wí lóhùn rara, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ó wá ku òun fúnra rẹ̀. Ìpàdé rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ó máa ń wà nírọ̀lẹ́ Sátidé, ó máa ń wà lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ó sì máa ń wà ní ọjọ́ Túsídeè mìíràn lẹ́yìn Ìṣáì. Lákòókò kọ̀ọ̀kan, ìkìlọ̀ á dún ní pálọ̀, ààfáà á lanu sílẹ̀, èmi á ká aṣọ mi. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, a jókòó sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí a ṣe gbọ́ igbe lókè nìyẹn, ohun tó tẹ̀lé e ni pé ẹnìkan ń fẹsẹ̀ lulẹ̀ gbì gbì gbì. Mo gòkè lọ kan ilẹ̀kùn.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ta ló jẹ góòlù ní ìpàdé?"

Ó ní àwọn kan ṣe àwàdà díẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ní kó bá mi kí wọn. Lọ́jọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra dátà sórí fóònù tèmi, tí mo sì yọ ara mi kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pátápátá. Kò mọ̀. Ó kàn ń yọ̀ pé ẹ̀rọ ti kọ́ mi ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń kọ́ni wá kí wa láàrin àsìkò yẹn. Bó ṣe ń wọlé ni ọkọ mi ti fà á lọ síwájú tábílẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Mo ń gbé sóbò tútù bọ̀ láti ilé ìdáná, mo gbọ́ tí àlejò náà ń ka ohun tó wà níbẹ̀.

"'Ọ̀gá.' Ìwọ nìyẹn. 'Àlejò kìíní. Àlejò kejì.' Àlejò wo lẹ gbà sílé?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Màámi ni kìíní, ìyàwó mi ni kejì. Bí sọ́fítíwíà yẹn ṣe pín in nìyẹn. Ọ̀gá wà, àlejò wà."

Mo gbé àwo sílẹ̀ níwájú wọn.

"Ẹ mu sóbò, sà," mo ní. "Àlejò kejì ló sè é."

Sóbò há ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Nígbà tó lọ tán, ọkọ mi ní òun máa yí orúkọ náà padà, pé iṣẹ́ kékeré ni, kí n má jẹ́ kí Màámi gbọ́. Mi ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Òun náà ò yí i padà.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí àbúrò ọkọ mi obìnrin bímọ ní Kánádà. Ó ti pẹ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń wá ọmọ. A ti gba àdúrà náà títí tó fi di ohun tí à ń sọ láìgbọ́ ohun tí à ń sọ mọ́. Nígbà tí wọ́n pè wá pé ó ti bí obìnrin, Àlájà sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún sunkún, wọ́n wá fi gèlè nujú.

"Èmi ni mo máa sọ ọ́ lórúkọ," wọ́n ní. "Kí etí rẹ̀ gbọ́ ohùn mi kó tó gbọ́ ti àwọn òyìnbó tán."

A fi ẹnu kò pé a máa ṣe é lórí fídíò, kí àwọn ààfáà ẹbí àti àwọn àgbà ilé wá sí pálọ̀ wa, kí ìyá ọmọ wà lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá, kí gbogbo wa jọ ṣe àdúrà. Mo dábàá pé kí ọkọ mi pa ìdènà ẹ̀rọ rẹ̀ fún ọjọ́ kan yẹn. Ó wò mí bí ìgbà tí ènìyàn ní kí awakọ̀ yọ ìjánu mọ́tò.

"Ọjọ́ tí èrò bá pọ̀ la nílò ìṣàkóso jù," ó ní. "Fọkàn balẹ̀. Mo ti sọ fún un pé tẹlifíṣọ̀n ni kó fún ní gbogbo rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà nílé. Ibo ni mò ń lọ?"

Ọjọ́ náà pé. Torí pé òwúrọ̀ tiwọn ni ọ̀sán tiwa, a ti fi mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ àti ẹran dá àwọn bàbá lára yá kí àsìkò tó tó. Pálọ̀ kún fún agbádá àti fìlà. Bí tẹlifíṣọ̀n ṣe tàn ni gbogbo ilé hó yèè: àbúrò ọkọ mi nìyẹn, ó tóbi ju bí ó ṣe rí nílé lọ, ó gbé ọmọ sáyà, ojú ọmọ náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó mọ́ kedere. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, ó mọ́ kedere. Ọkọ mi ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó bí ọmọ náà.

Ààfáà àgbà wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó tún ara ṣe lórí àga.

"Kí a tó bẹ̀rẹ̀," ó ní, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa pa fóònù yín. Ẹ má jẹ́ kí ó dún mọ́ wa nínú àdúrà."

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ dìde. Àpẹẹrẹ rere ló fẹ́ jẹ́. Ó na fóònù rẹ̀ sókè kí gbogbo ènìyàn rí i, ó tẹ̀ ẹ́ pa, ó fi sápò, ó jókòó.

Ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn wá fóònù ọ̀gá, kò rí i. Ó gbà pé ọ̀gá ti jáde.

Ààfáà ní "Bísímílláì." Ojú àbúrò ọkọ mi lójú tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó di igun mẹ́rin mẹ́rin, ó sì dúró. Ọmọ náà dúró pẹ̀lú, ẹnu rẹ̀ ní yíyán. Gbogbo wa ń wò ó pé yóò mira. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ agbóhùnsókè ti la ohùn, lókè réré, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ, ó ka ìkìlọ̀ tí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ fún ìgbà tí ọ̀gá ò bá sí nílé:

"Ìkìlọ̀. Ẹ̀yin àlejò, ẹ ti gbà ju ìwọ̀n yín lọ. A ti dín in kù fún yín."

Bàbá àgbàlagbà kan ṣì ń bá eegun ẹran kan jà ní igun. Ó gbé e padà sínú abọ́, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ààfáà àgbà wo abọ́ tó wà níwájú tirẹ̀.

"Ṣé àwa ni?" ó bèèrè.

"Ìkìlọ̀," ni ẹ̀rọ tún wí. "Ẹ̀yin àlejò, ẹ ti gbà ju ìwọ̀n yín lọ."

Ọkọ mi ti dìde, ó ti fa fóònù yọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ kó tàn, fóònù náà sì ń fi àsìkò tirẹ̀ tàn bí ẹni tó jí lójú oorun ọ̀sán. Gbogbo àwọn bàbá ń wò ó. Ó fẹ́ tètè tù wọ́n nínú, ó sì sọ ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu:

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá. Kì í ṣe ẹ̀yin ló ń bá wí o. Màámi ni àlejò."

Àlájà yí ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, wọ́n yí i sí ọmọ wọn.

"Èmi ni kí ni?"

"Màámi, bí ẹ̀rọ ṣe pín in ni…"

"Nínú ilé yìí?"

Fóònù ti tàn, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tó máa fi wọ inú sọ́fítíwíà, ó ṣì í. Ó tún un tẹ̀, ó tún ṣì í. Ní ìgbà tó tún ṣì í, ẹ̀rọ ní kó lọ dúró ná, pé òun ò dá a mọ̀. Bí ọ̀gá náà ṣe bọ́ sáàrin àwa àlejò nìyẹn. Ó sáré lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó fa wáyà yọ. Tẹlifíṣọ̀n ṣú. Fáànù òkè, tí òun náà wà lábẹ́ ẹ̀rọ, rọra ń yí, ó dúró. Ooru bo wa.

Mo wá fóònù mi nínú àpò, mo tàn án, mo fi dátà tèmi pe Kánádà. Àbúrò ọkọ mi gbé e lójú ẹsẹ̀, ẹkún ti wà lójú rẹ̀. Ó ní òun rò pé nǹkan ṣe Màámi ni. Mo kúnlẹ̀ níwájú Àlájà, mo gbé fóònù náà síwájú wọn. Àwọn bàbá dìde lórí àga wọn, wọ́n wá rọ̀gbà yí wa ká lórí ilẹ̀, orí wọn kan orí, nítorí ojú fóònù mi kéré, ó sì sán níbì kan. Kò sí ẹni tó ṣe ọ̀gá níbẹ̀. Ààfáà àgbà rẹ ohùn sílẹ̀, ó ṣe àdúrà náà bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ létí, gbogbo wa ń ṣe àmín sábẹ́ ẹnu.

Nígbà tó kan Àlájà, àbúrò ọkọ mi gbé fóònù tirẹ̀ mọ́ etí ọmọ. A ò rí nǹkan kan mọ́ àfi òkùnkùn àti díẹ̀ lára irun ọmọ náà. Àlájà fi ẹnu kan fóònù mi, wọ́n pe orúkọ náà, wọ́n tún un pè, wọ́n dákẹ́. Láti inú òkùnkùn yẹn la ti gbọ́ tí ọmọ náà sín.

"Ó ti gbọ́," Àlájà ní.

Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì lè nù ún torí fóònù tó wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí ọkọ mi lẹ́nu àtẹ̀gùn, wáyà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ń sunkún, kò sì lè sún mọ́ wa. Pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí nígbà yẹn. Àánú náà kò pẹ́ púpọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àlájà ti múra. Báàgì wọn wà lẹ́nu ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ márúwá sì wà níta.

"Màámi, níbo?" ọkọ mi bèèrè.

"Àlejò ń lọ sílé rẹ̀ ni. Ẹ ṣé, a dúpẹ́. Ẹ kú ìtọ́jú wa."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n yà fún un, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́. "Ẹ" tí ìyá ń pe ọmọ yìí ló dùn ún jù. Ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n kọ òun ní ọmọ.

Nírọ̀lẹ́, a jọ lọ sí ilé ẹbí. Wọ́n ti fi Àlájà sí yàrá ìsàlẹ̀, kò sí pé wọ́n ń gun àtẹ̀gùn. Àgbà ilé ní kí ọkọ mi rojọ́. Ó rò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwo funfun, ó ṣàlàyé bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣàn bí omi inú ọ̀pá, ó ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ ẹni tó ń lò ó jù. Ó ti ń gbádùn ara rẹ̀ kí bàbá náà tó gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró ná. Ṣé o ní kí ìyá rẹ má lò ó mọ́ ni?"

"Rárá o, Bàbá! Mi ò dí wọn lọ́wọ́. Mo kàn dín wọn kù ni."

"O dín ìyá rẹ kù."

"Ìyára wọn ni, Bàbá."

"Mo ti gbọ́. O dín in kù."

Ó ká ọwọ́ tó fi ń ṣàlàyé padà sórí itan. Èmi ò tíì rí i kó já àlàyé kan sáàárín rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Àlájà ní àwọn ò bínú. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bèèrè: kí ó máa wá jókòó ti àwọn níbẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n jọ gbọ́ wáàsí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí fóònù rẹ̀ sì wà nílé. Ó ń lọ. Ó ń jókòó lórí ẹní láàrin àwọn ìyá arúgbó, orúnkún rẹ̀ ń ro ó, ó ń ṣe àmín níbi tí wọ́n bá ti ṣe é. Nígbà tó tẹ́ Àlájà lọ́rùn, wọ́n bá a padà wálé, wọ́n gba iwájú mọ́tò jókòó.

Ó pa gbogbo òfin íńtánẹ́ẹ̀tì náà rẹ́ lójú wa. Nígbà tó ń yọ orúkọ wa kúrò lára ògiri ni mo rí i pé ẹ̀rọ ń ka iye tí oníkálukú ń fà lóṣù. Mo ní kó dúró kí n wò ó. Àlejò kejì kò lo nǹkan kan. Àlejò kìíní lo díẹ̀. Ọ̀gá ló lo gbogbo ìyókù. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó wà ní yàrá òkè ló ń kó gbogbo fídíò bọ́ọ̀lù tó ti tọ́jú lọ sí ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tọ̀sán tòru, láìdúró, láti ìgbà tí a ti kan àwo funfun mọ́ òrùlé. Òun ló já ohùn ara rẹ̀ ní ìpàdé. Ó wò ó, ó ní iye yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ péye. Mo ní mo gbà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ilé ìwé wọn ní kó wá sọ̀rọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí fífi ẹ̀rọ ìgbàlódé ṣàkóso ilé. Ó mú mi dání. Mo jókòó níwájú. Ó fi àwòrán ilé wa hàn wọ́n lára ògiri, ó sọ ti iná, ó sọ ti pọ́ǹpù, ó sọ bí òun ṣe fi ẹ̀rọ pín íńtánẹ́ẹ̀tì láàrin ará ilé láìsí ìjà. Ó ní ẹbí òun gbádùn rẹ̀ gan-an. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi nígbà tó ń sọ ọ́. Nígbà tó parí, olùdarí ètò ní kí ìyàwó olùbánisọ̀rọ̀ náà sọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì. Mo rí i bí ọkọ mi ṣe di etí tábìlì mú.

Mo dìde. Mo ní ẹ̀rọ náà dára. Mo ní omi kì í tán nínú táǹkì wa mọ́. Òtítọ́ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nínú mọ́tò, a ti fẹ́ dé ọjà kó tó sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tí o ò sọ ti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ fún wọn?"

"Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni," mo ní.